Lẹ́tà sí Bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ lórí eré jíju okùn ìpẹja

San Francisco,
Amẹ́ríkà.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú iṣẹ́ odò. Mo kí Màmá àti gbogbo ará ilé. Àlàáfíà ni mo wà níbí. Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń lọ ṣe létí omi ní ọjọ́ Sátidé nígbà tí n kì í mú ẹja bọ̀, mo sì ṣèlérí pé màá kọ ọ́ sínú ìwé kí ó lè yé yín dáadáa.

Ìdíje jíju okùn ìpẹja ni mò ń kọ́. Adágún mẹ́ta ni wọ́n mọ sínú ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Golden Gate Park fún eré yìí nìkan. Ẹgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀, Golden Gate Angling & Casting Club, ti wà láti ọdún 1933.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ju àwọ̀n láti kékeré mọ̀ pé òjé etí àwọ̀n ló ń gbé e lọ kí ó tó tẹ́ sórí omi. Nínú eré yìí, ohun tí ó wà lẹ́nu okùn fúyẹ́ ju ohun tí ọwọ́ lè jù lọ, nítorí ìyẹ́ àti òwú ni wọ́n fi ṣe é bí eṣinṣin, wọ́n sì ti gé ẹnu ìwọ̀ rẹ̀ kúrò. Okùn fúnra rẹ̀, tí ó nípọn, ni à ń jù, eṣinṣin a sì máa tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yìn ni iṣẹ́ wà. A ó gbé okùn kúrò lórí omi, a ó fì í sẹ́yìn, a ó dá ọ̀pá tí okùn so mọ́ dúró lójijì, a ó sì ní sùúrù títí okùn yóò fi nà tán lẹ́yìn wa kí a tó fì í síwájú. Ẹni tí ó bá kánjú, okùn rẹ̀ yóò ká jọ síwájú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ jù, okùn rẹ̀ yóò ti já lulẹ̀. Àgbàlagbà tí ń kọ́ wa kì í wo omi rárá bí mo bá ń jù. Okùn tó wà lẹ́yìn mi ni ó máa ń wò.

Òrùka tí ó léfòó lórí omi, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 30 íǹṣì, ni a ń jù ú sí. Bí eṣinṣin bá já sínú rẹ̀, wọn kò ní yọ nǹkan kan. Bí ó bá já síta, wọn a máa yọ máàkì kan kúrò nínú 100 fún ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan tí ó fi jìnnà sí òrùka. Ìdíje mìíràn wà tí ó jẹ́ pé jíjìnnà ni wọ́n ń wọ̀n. Obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Joan Wulff, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joan Salvato nígbà náà, borí gbogbo ọkùnrin nínú irú rẹ̀ ní 1951, ó sì ju okùn dé 161 ẹsẹ̀ bàtà ní 1960. Inú mi dùn púpọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìtàn rẹ̀. Ní tèmi ṣá, òrùka ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé agbára apá kò tó láti gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀.

Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje ẹgbẹ́ wa tí ń bọ̀. Màá fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀wọ́, ọwọ́ ọ̀tún mi ni kí ẹ wò, kí ẹ sì sọ ibi tí ó kù sí fún mi.

Èmi ni ọmọ yín obìnrin,
Àbíkẹ́yìn yín.