Ta ni yóò san owó àyẹ̀wò kọnkéré?

Sí Olóòtú,

Láti ìgbà tí ilé alájà 21 ti wó ní Ìkòyí ní oṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ owó àyẹ̀wò kọnkéré, tí a máa ń dì lé agbaṣẹ́ṣe lórí, ti ń jẹ mí lọ́kàn. Bí owó bá há, èmi kọ́lékọ́lé mọ̀ ọ́n dájú, fífọ́ ègé kọnkéré wò ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí a dà á, láti mọ bó ṣe lágbára tó, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fò. Kí onílé san owó náà tààrà fún ilé àyẹ̀wò tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Bí kọnkéré bá sì kùnà, kí agbaṣẹ́ṣe ru owó àtúnyẹ̀wò àti àtúnṣe.

Èmi ni tiyín,
Kọ́lékọ́lé kan, Ìbàdàn