Lẹ́tà sí Bọ̀dá mi tó ń wa kòrópẹ́ ní Òṣogbo

Bọ̀dá mi,

Ẹ kú òòrùn o, ẹ kú wàhálà ìgboro. Màámi sọ fún mi pé ẹ ti ń wá ẹni tó máa ra kòrópẹ́ yín, pé ẹ ní àwọn ọmọ tó ń fi fóònù wá ọ̀nà ti gba iṣẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kí ọmọ yín ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Kó jọ̀ọ́, kó rọra kà á.

Pé ẹ mọ Òṣogbo ju fóònù lọ, ta ló fẹ́ bá yín jiyàn ìyẹn? Ẹ mọ ọ̀nà àbùjá tí ẹ máa gbà yọ sí Alẹ́kúwodò nígbà tí Ọláìyá bá ti dí pa. Ẹ mọ ibi tí àgbàrá ti gé títì láti òjò èṣí. Bí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sílé alágbẹ̀dẹ tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ẹ ò ní bi í ní ìbéèrè kejì.

Ẹ tún máa ń sọ pé fóònù ń sọ ọpọlọ di ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ yín ò jìnnà sí ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 2000, Eleanor Maguire àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní London yẹ ọpọlọ àwọn awakọ̀ takisí ìlú náà wò. Kí èèyàn tó gba ìwé àṣẹ takisí níbẹ̀, ó ní láti mọ nǹkan bíi 25,000 òpópónà sórí. Wọ́n rí i pé apá ẹ̀yìn ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìmọ̀ ọ̀nà sí tóbi lára àwọn awakọ̀ yìí ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ, àti pé bí ẹnì kan bá ṣe pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tó ló ṣe ń tóbi sí i. Ẹ̀yin náà nìyẹn, Bọ̀dá. Mi ò ní kí ẹ da ohun tó wà lórí yín nù.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí mo fojú ara mi rí ní Old Garage. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ Èkó, ó gbé báàgì méjì, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó na fóònù sí awakọ̀ kan, àgbàlagbà bíi tiyín: lokéṣọ̀n tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp ni. Bàbá ní, "Kí lorúkọ àdúgbò yẹn?" Obìnrin náà ò mọ̀ ọ́n. Ó ní gbogbo ohun tí wọ́n fún òun nìyí. Bàbá da fóònù padà fún un, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọkùnrin kan wò ó fìrí, ó gbé báàgì rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Ó sì ṣeé ṣe kí bàbá yẹn ti gbé èèyàn lọ sẹ́bàá ilé náà láìmọye ìgbà. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ ọ̀nà gan-an ni owó fò dá.

Ẹ ní fífi fóònù wá ọ̀nà ń jẹ dátà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. GPS ni ètò tí fóònù fi ń mọ ibi tó wà. Sátẹ́láìtì GPS ti Amẹ́ríkà, ó kéré tán 24, ń yí ayé po ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń kéde ibi tí wọ́n wà àti aago tó lù. Fóònù ń gbọ́ mẹ́rin lára wọn, ó kéré tán, ó ń ṣírò bí ohùn kọ̀ọ̀kan ṣe pẹ́ tó kó tó dé, ó sì ti mọ ibi tí ẹ wà. Kò rán nǹkan kan padà sí wọn, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀. Àwòrán máàpù ló ń jẹ dátà. Bí a bá wa máàpù Òṣogbo sínú fóònù yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ lè máa lò ó nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ pàápàá. Ohun tí ẹ ò ní rí nígbà náà ni ìròyìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mo sì ti nílò yín. Fóònù àwọn tó wà lójú títì ni Google fi ń mọ̀ pé ọ̀nà dí: bí ọ̀pọ̀ wọn bá ń rìn díẹ̀díẹ̀ níbi tó yẹ kí wọ́n ti sáré, ọ̀nà yẹn á di pupa lórí máàpù. Níbi tí fóònù bẹ́ẹ̀ ò bá ti pọ̀, kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí arugbá bá ń jáde nínú oṣù kẹjọ, ẹ̀yin ti mọ̀ látàárọ̀ pé kí ọkọ̀ má gba ọ̀nà ààfin sí Igbó Ọ̀ṣun rárá. Fóònù lè má mọ̀ ọ́n títí èrò á fi ká ọkọ̀ mọ́.

Bó ṣe rí pẹ̀lú orúkọ ọ̀nà àti àdúgbò náà nìyẹn. Àyè wà lórí Google Maps láti fi ọ̀nà tí kò sí níbẹ̀ sọlẹ̀ tàbí láti tún orúkọ tí wọ́n kọ òdì ṣe. Wọn á yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó gbà á. Máàpù mìíràn tún wà, OpenStreetMap, tó ti wà láti 2004: ẹnikẹ́ni tó bá forúkọ sílẹ̀ lè ya ọ̀nà sí i. Ta ló wá yẹ kó sọ orúkọ àwọn kọ̀rọ̀ Òṣogbo fún máàpù, Bọ̀dá? Ṣé àlejò tó wá sùn mọ́jú ni, àbí ẹ̀yin? Ọkàn mi ò gbà pé kí àwọn tí kò mọ ìlú wa máa ya ìlú wa fún wa, kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sì lọ jókòó sílé. Ilé tí kò ní nọ́ńbà pàápàá ní ọ̀nà àbáyọ: Plus Code tí Google fi sórí máàpù ní 2015 ń fún ilẹ̀ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 14 níbùú lóròó ní àmì tirẹ̀.

Ẹ má di fóònù mú lórí ìrìn o. Òfin ìrìnnà kọ̀ ọ́. A ó gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ohùn rẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́. Bó bá ní kẹ́ ẹ yà sápá òsì tójú yín sì rí àgbàrá níbẹ̀, ojú yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Fúnra rẹ̀ ló máa wá ọ̀nà mìíràn.

Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn. Ẹ jẹ́ kí fóònù náà ti gba iná kún, kẹ́ ẹ sì bu epo díẹ̀ sọ́kọ̀. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun la ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin á máa pe orúkọ, èmi á máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ yẹn, ẹ ní kó ṣì mú sùúrù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín,
láti Òkè-Fíà