Ẹ Wo Inú Bùrọ́kéèdì Kí Ẹ Tó Gé E

Sí Olóòtú,

Mo ka àròkọ tí ẹ tẹ̀ jáde nípa aṣọ bùrọ́kéèdì, mo sì gbádùn ohun tí òǹkọ̀wé náà sọ nípa ẹwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ìmọ̀ràn rẹ̀ pé irú èyí tí a fi rán aṣọ òde náà ni kí a fi bo àga pálọ̀. Ojú aṣọ nìkan ni ó wò. Inú rẹ̀ ni ì bá yẹ̀ wò.

Orí òfì ni ọnà ara bùrọ́kéèdì ti ń wá, kì í ṣe ohun tí a fi abẹ́rẹ́ kọ sí i lára lẹ́yìn tí a hun ún tán. Yàtọ̀ sí òwú òòró àti òwú ìbú tí wọ́n jọ di aṣọ gan-an, ahunṣọ tún máa ń fi òwú mìíràn kún un, ìbáà jẹ́ sẹ́dà aláwọ̀ oríṣiríṣi tàbí òwú oníwúrà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó yọ òdòdó tàbí ẹyẹ sí ojú aṣọ lọ. Bí a bá fa òwú ọnà yìí yọ, aṣọ ṣì wà níbẹ̀. Dàmáàsì kò ní irú òwú àfikún bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí a fi lè lò ó tojú tinú.

Ní ìlú Nanjing ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí ènìyàn méjì ti ń ṣiṣẹ́ lórí òfì kan, tí ọ̀kan jókòó sókè tí ó ń fa òwú, tí èkejì sì ń hun nísàlẹ̀, ibi tí a ti nílò àwọ̀ kan gan-an ni wọ́n máa ń fi òwú rẹ̀ sí, sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ péré ni wọ́n sì ń rí hun lójúmọ́. Àjọ UNESCO ka iṣẹ́ yìí mọ́ àjogúnbá ọmọ aráyé ní ọdún 2009. Nígbà tí Joseph-Marie Jacquard, ará ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, gbé ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ jáde ní nǹkan bí ọdún 1804, páálí oníhò ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí òwú, iṣẹ́ náà sì yá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ òde òní sábà máa ń gbé òwú ọnà láti etí aṣọ kan dé èkejì, tí yóò fi nà gbọọrọ nínú aṣọ níbi tí kò bá ti sí ọnà. Àwọn mìíràn ń gé e kúrò, ìyẹn náà sì lè máa fà yọ díẹ̀díẹ̀.

Fún ẹni tí ó ń ránṣọ, ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé kò yẹ kí bùrọ́kéèdì wà láìní láínìn, nítorí èékánná àti òrùka yóò máa fa òwú náà. Etí rẹ̀ tún máa ń tú kíákíá. Ó dára fún kóòtù àti síkẹ́ẹ̀tì tó fẹ̀, torí pé ó le, ṣùgbọ́n kò dára fún aṣọ tí a fẹ́ kó ṣàn bọ́ sílẹ̀. Inú ni kí a ti lọ̀ ọ́, pẹ̀lú iná kékeré, nítorí òwú dídán ọ̀pọ̀ bùrọ́kéèdì òde òní jẹ́ ike tó lè yọ́.

Ní ti àga, ọnà ńláńlá ni kí a sá fún. Bí òdòdó bá ṣe tóbi tó ni òwú rẹ̀ ṣe ń gùn lójú aṣọ kí ó tó rí ibi dì mọ́, bọ́tìnnì sòkòtò tàbí èékánná ológbò kan sì tó láti bà á jẹ́. Ẹ wá èyí tí ọnà rẹ̀ kéré, tí ó sì dì dáadáa.

Aṣọ ojú fèrèsé ni mo rò pé ó bá bùrọ́kéèdì mu jù nínú ilé: ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e, ìwúwo rẹ̀ sì ń jẹ́ kó balẹ̀ dáadáa. Oòrùn nìkan ni ọ̀tá rẹ̀, nítorí ó máa ń sọ sẹ́dà di ẹlẹgẹ́ títí yóò fi fàya. Níbi tí oòrùn bá ti ń ràn wọlé tààrà, n kò rí ẹ̀gàn kankan nínú kí a ra ti pọ́lísítà, kí a sì fi láínìn sí i lẹ́yìn.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín.