Ẹ wọn ẹrù kí ẹ tó ra sípíríǹgì ẹ̀yìn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ló mú mi kọ̀wé sí yín: bí àwọn tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù gba ọ̀nà tí kò lọ́dà ṣe ń ra sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ìdí ọkọ̀ bá ti wọlẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń sọ fún mẹkáníìkì ni pé, "Ẹ bá mi fi èyí tó le jù sí i." Mẹkáníìkì á fi í sí i, ìdí ọkọ̀ á gbéra, inú olówó rẹ̀ á dùn. Ọjọ́ tí wọ́n bá já ẹrù sílẹ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ á máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, táyà ẹ̀yìn kò ní í fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú òkúta wẹ́wẹ́, ìdí á sì máa yà sọ́tùn-ún sósì bí wọ́n bá tẹ bírékì. Sípíríǹgì yẹn lè dára gan-an. Àmọ́ ẹni tó rà á kò mọ iye kílò tó fẹ́ fi gbé.

Nítorí náà, òṣùwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ìyẹn irú èyí tí ọkọ̀ ńlá ń gùn. Ẹ gbé ọkọ̀ lọ lófìfo, kí táyà ẹ̀yìn nìkan wà lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀; kí táyà iwájú nìkan náà gùn ún, kí ẹ kọ tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ di gbogbo ẹrù tó máa ń bá yín rìn, ẹ rọ epo kún táǹkì, ẹ pọn omi kún ike, kí àwọn èèyàn wọlé jókòó, kí ẹ tún un wọ̀n. Ohun tí ìwọ̀n ẹ̀yìn fi lé sí i ni ẹrù tí sípíríǹgì tuntun ní láti gbé. Ojú kì í mọ̀ ọ́n. Omi lítà 1 jẹ́ kílò 1, torí náà táǹkì omi lítà 80 ti di kílò 80 láìka táǹkì fúnra rẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 100 sún mọ́ kílò 84. Ẹ wá ka àpótí irinṣẹ́, táyà ìfìdípò àti bọ́ńpà irin mọ́ ọn.

Ibi tí ẹrù jókòó sí ṣe pàtàkì bí iye rẹ̀. Ká sọ pé àlàfo táyà iwájú sí ti ẹ̀yìn jẹ́ mìlímítà 3,000, tí bọ́ńpà irin pẹ̀lú táyà tó gbé kọ́ sì jẹ́ kílò 100, tó wà ní mìlímítà 1,200 lẹ́yìn ákísù ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀pá irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Kílò 100 kọ́ ni ákísù ẹ̀yìn máa rí o. Kílò 140 ni, torí ẹrù náà ń gbé iwájú ọkọ̀ sókè bí ọmọdé méjì tó ń gun pákó jálankato, kílò 40 sì ti kúrò lórí táyà iwájú. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ ìdarí fi ń fúyẹ́. Bí ẹrù kan náà bá jókòó gan-an lórí ákísù, kílò 100 náà ni. Bó bá sún síwájú sí ẹ̀yìn ìjókòó, táyà iwájú á bá a pín in. Ẹ gbìyànjú láti kọ́kọ́ tún ẹrù tò. Mo ti rí i lórí ọkọ̀ púpọ̀ pé gbígbé táǹkì omi wá síwájú nìkan ti tó láti yí irú sípíríǹgì tí wọ́n nílò padà.

Ẹ wá pín ẹrù yẹn sí méjì: èyí tí kì í kúrò lórí ọkọ̀, àti èyí tó ń wá tó ń lọ. Èyí tí kì í kúrò ni kí ẹ fi yan sípíríǹgì. Tí olùtajà bá kọ "kílò 300" sára sípíríǹgì, ohun tó sábà máa ń túmọ̀ sí ni pé kílò 300 máa wà lórí ọkọ̀ lójoojúmọ́, kún ọkọ̀ lófìfo bí ó ṣe ti ilé iṣẹ́ wá, fún sípíríǹgì méjèèjì lápapọ̀. Ẹ bi í léèrè kí ẹ tó sanwó, torí àwọn mìíràn ń ka ti ẹyọ kan. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ ojoojúmọ́ jẹ́ kílò 120, tó wá ń gbé kílò 400 ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, kò gbọdọ̀ ra ti kílò 400.

Bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ kò le. Gbogbo sípíríǹgì ló ní iye kílò tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ ní mìlímítà kan. Ká ní ti àtilẹ̀wá jẹ́ kílò 2.5 fún mìlímítà kan, tí ẹrù ẹ̀yìn sì jẹ́ kílò 300. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan gba 150. Ẹ pín 150 sí 2.5: ìdí ọkọ̀ á wọlẹ̀ ní mìlímítà 60. Bí rọ́bà ìdádúró tó wà lábẹ́ ṣáásí (egungun irin tó gbé ara ọkọ̀) bá jìnnà sí ákísù ní mìlímítà 90 nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, 30 péré ló kù, kòtò àkọ́kọ́ á sì gbá irin mọ́ rọ́bà gbàà. Sípíríǹgì tó jẹ́ kílò 3.5 fún mìlímítà kan á wọlẹ̀ ní bíi 43, á sì ṣẹ́ 47 kù. Ti kílò 5 á wọlẹ̀ ní 30 péré, àmọ́ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá ṣófo kò ní í tẹ̀ rárá, gbogbo gbìgbàgbìgbà ọ̀nà á bọ́ sórí ṣáásí àti ẹ̀yìn ẹni tó jókòó. Láàárín ni kí ẹ wà. Ìwọ̀n tí mo fara mọ́ ni pé, bí ọkọ̀ bá gbé ẹrù ojoojúmọ́ rẹ̀ tán, kí ìdajì àlàfo rọ́bà yẹn ṣì ṣẹ́ kù, kí ìdí ọkọ̀ sì ga ju iwájú lọ díẹ̀ tàbí kí wọ́n dọ́gba.

Ẹ má fojú wo sísanra irin kí ẹ ní "díẹ̀ náà ni wọ́n fi jura lọ." Irú sípíríǹgì méjì ló wà: eléwé, tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ tò léra, àti oníká. Ewé sípíríǹgì tó nípọn mìlímítà 8 fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì le ju ti mìlímítà 7 lọ, bí gígùn àti fífẹ̀ wọn bá dọ́gba. Sípíríǹgì tó ká bí ejò náà rí bẹ́ẹ̀: bí irin tí wọ́n ká bá kúrò ní mìlímítà 14 tó di 15, ó ti fi bíi ìdá kan nínú mẹ́ta le sí i.

Ní ti eléwé, àwọn kan máa ń fi ewé kan kún èyí tó wà nílẹ̀. Ó rọrùn, ó sì lè gbé kílò díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ewé kúkúrú ń kó gbogbo agídí rẹ̀ jọ sí ojú ibi tó parí sí, ibẹ̀ gan-an ni ewé tó wà lókè rẹ̀ á ti kán. Bí ẹ bá máa fi kún un, kí ó gùn. Bí ewé àtilẹ̀wá bá sì ti tẹ́, tí kò ró mọ́, ẹ má lẹ tuntun mọ́ ọn; odindi ni kí ẹ pààrọ̀, lọ́tùn-ún lósì. Fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ tó ń dín, èyí tó dára jù ni kí ewé òkè má le jù, kí ewé kan tó nípọn tó sì tẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí kì í ṣiṣẹ́ àfi bí ẹrù bá tẹ àwọn tòkè débẹ̀. Ní ti oníká, ẹ wá èyí tí ìká rẹ̀ sún mọ́ra ní apá kan tó sì jìnnà síra ní apá kejì.

Pákó irin tí wọ́n ń kì bọ àárín sípíríǹgì àti ákísù kò fi kílò kan kún ohun tí ọkọ̀ lè gbé. Ó kàn gbé ìdí sókè ni, ó sì tún ń jẹ́ kí ákísù lè lọ́ sípíríǹgì po nígbà tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn lórí òkè. Irin ìfikọ́, ìyẹn èyí tó so etí sípíríǹgì eléwé mọ́ ṣáásí, náà ń gbé ìdí sókè bó bá gùn ju ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá fi mìlímítà 50 gùn sí i, bíi 25 ni ìdí ọkọ̀ fi ń ga.

Báàgì afẹ́fẹ́, ìyẹn báàgì tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí kó lè ran sípíríǹgì lọ́wọ́, dára nínú sípíríǹgì oníká, torí ibi tí sípíríǹgì fẹsẹ̀ tẹ̀ náà ló ń tì. Ṣùgbọ́n lórí ọkọ̀ eléwé, iwájú àti ẹ̀yìn sípíríǹgì ni wọ́n ṣe ṣáásí láti máa fi gbé ẹrù. Báàgì wá ń tì í láàárín. Bí ẹrù wúwo bá rọ̀ sẹ́yìn ákísù, tí afẹ́fẹ́ sì le koko, ṣáásí lè tẹ̀ níbẹ̀, àtúnṣe rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Ẹ má fi báàgì bo àṣìṣe sípíríǹgì mọ́lẹ̀. Kí ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọ̀tún àti òsì sì dá dúró, kí afẹ́fẹ́ má baà sá lọ sí apá kejì nígbà tí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà.

Bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Sípíríǹgì tó le ń tani padà pẹ̀lú agbára, ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ kò sì lè dá a dúró. Ẹ ra ṣọ́ọ̀kì tó bá líle àti gíga tuntun mu. Ẹ jẹ́ kí táyà rọ̀ sísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ wò ó bóyá rọ́bà bírékì, wáyà àti okùn bírékì ọwọ́ kò nà jù. Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàgbé, èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kan ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so ákísù ẹ̀yìn mọ́ ẹ̀rọ kékeré kan lára ṣáásí. Òun ló ń sọ fún bírékì bóyá ẹrù wà lẹ́yìn. Bí ìdí ọkọ̀ bá ga, ẹ̀rọ náà á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á dín agbára bírékì ẹ̀yìn kù nígbà tí ẹrù kún inú rẹ̀. Ẹ tún un ṣe ní ọjọ́ tí ẹ bá fi sípíríǹgì sí i, kí ẹ tún iná iwájú náà tò.

Nígbà ìfisí, kí ṣáásí jókòó sórí ìdúró irin, kì í ṣe jáàkì nìkan. Orí bóòtì àárín, èyí tó so àwọn ewé pọ̀, gbọdọ̀ wọ ihò rẹ̀ lórí ákísù dáadáa. Yúbóòtù (bóòtì tó tẹ̀ bíi lẹ́tà U, tó di sípíríǹgì mọ́ ákísù) tuntun ni kí ẹ lò, torí ti àtijọ́ ti nà, kò ní í di nǹkan mú mọ́. Ẹ máa dè é ní ìdábùú, díẹ̀díẹ̀, dé iye tí ìwé ọkọ̀ sọ. Bóòtì ojú sípíríǹgì tó ní rọ́bà kò gbọdọ̀ le títí táyà á fi tẹlẹ̀ tí ọkọ̀ á fi gbé ara rẹ̀. Bí ẹ bá dè é nígbà tí ákísù ń rọ̀, rọ́bà á máa lọ́ ní gbogbo ìgbà, á sì tètè ya. Lẹ́yìn kìlómítà 500, ẹ tún yúbóòtù dè. Bó bá tú díẹ̀, bóòtì àárín nìkan ló ń di ákísù mú, yóò sì gé.

Kí ẹ tó ṣe gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ ka àkọlé ìwọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ọkọ̀. Sípíríǹgì kò lè fi kílò kún ohun tí ákísù, bẹ́árìn, táyà àti bírékì lè gbà. Bí òṣùwọ̀n bá ti kọjá iye yẹn, ẹrù ni kí ẹ dín.

Ẹ wọn gíga ọkọ̀ láti àárín rímù sí etí báàdì tó wà lókè táyà, lápá méjèèjì, ṣáájú ìfisí àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí afẹ́fẹ́ táyà á tan yín jẹ. Sípíríǹgì tuntun máa ń wọlẹ̀ díẹ̀ láàárín kìlómítà 1,000 àkọ́kọ́. Ẹ tún un wọ̀n nígbà náà, pẹ̀lú ẹrù kan náà, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí apá kan bá wọlẹ̀ ju ìkejì lọ dáadáa, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹrù ló tẹ̀ síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe ẹrù, ẹ yẹ ewé àti yúbóòtù apá yẹn wò kí ọkọ̀ tó tún padà sínú igbó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan tó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe