Àwọn tó ń sá fún òfin láì kúrò nílùú

Sí Olóòtú,

Nígbàkúùgbà tí ìròyìn bá jáde pé ọ̀kan nínú àwọn olówó tí wọ́n ń wá lórí ẹ̀sùn àjẹbánu ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ lọ sí Dubai tàbí London, ohun tí gbogbo wa máa ń pariwo ni pé kí ìjọba lọ mú un wá. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá mọ́ kò yẹ kó bẹ̀rù láti wá wí tẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ pé àwọn tó sá lọ sókè òkun kọ́ ló ba ìgbàgbọ́ àwa ará Èkó nínú ilé ẹjọ́ jẹ́ jù lọ. Àwọn tó bà á jẹ́ ni àwọn tó ń sá fún òfin láàárín wa níhìn-ín, tí wọn kò wọ ọkọ̀ òfuurufú kankan, tó jẹ́ pé inú ilé ẹjọ́ gan-an ni wọ́n sá pamọ́ sí, tí wọ́n ń fi ìwé dókítà sún ẹjọ́ síwájú, tí wọ́n sì ń gba àṣẹ tí yóò máa dí agbófinró lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ James Ibori, tó ṣe gómìnà Ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Asaba da gbogbo ẹ̀sùn 170 tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti àjẹbánu, fi kàn án nù. Wọ́n mú un ní Dubai lọ́dún 2010, wọ́n fà á lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tó sì di oṣù Kejì ọdún 2012, ọkùnrin yìí kan náà dúró níwájú adájọ́ ní Southwark, ní London, ó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì àti ṣíṣe owó kúmọkùmọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún 13 ni wọ́n fún un, lọ́dún 2021 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì dá mílíọ̀nù 4.2 pọ́n-ùn padà fún wa nínú owó náà. Ìlú wa ni ó ti ṣe ìjọba, ìlú wa ni wọ́n ti kó owó náà, ọ̀dọ̀ wa ló sì yẹ kí ẹ̀rí ti pọ̀ jù. Kí ni ó wá fa á tí adájọ́ wa kò fi rí ohun tí tiwọn rí? Ẹni tó ń ta aṣọ ní Balógun tàbí ẹni tó ń wa ọkọ̀ láti Ọbáléndé kò nílò agbẹjọ́rò tí yóò túmọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ti dá a túmọ̀, ìtumọ̀ tó fún un kò sì dára fún ìlú yìí.

Èyí tó tún sún mọ́ wa ju ti Asaba lọ ni ẹjọ́ Orji Uzor Kalu, gómìnà Abia tẹ́lẹ̀, nítorí ní Ìkòyí níhìn-ín ni wọ́n ti dá a. Ọdún 2007 ni àjọ EFCC gbé ẹjọ́ náà dìde, lórí owó tó lé ní bílíọ̀nù 7 náírà. Àríyànjiyàn lórí bóyá ó tilẹ̀ yẹ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, títí di ọdún 2016, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, adájọ́ fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 12. Nígbà tó di oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ náà, nítorí pé wọ́n ti gbé adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà ga sí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn kó tó parí rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dún 2021, ilé ẹjọ́ mìíràn ní wọn kò gbọdọ̀ tún pe Kalu lẹ́jọ́ lórí rẹ̀ mọ́.

N kò sọ pé ọkùnrin náà jẹ̀bi, nítorí lójú òfin kò sí ìdájọ́ kankan lórí rẹ̀ lónìí, n kò sì sọ pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣi òfin túmọ̀. Ìbéèrè mi ni pé, àwọn tó gbé adájọ́ ga nígbà tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé wọn kò mọ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni? Ọdún méjìlá ni gbogbo ìlú fi dúró, owó ìlú ni wọ́n sì fi san gbogbo ìjókòó náà. Bí olùjẹ́jọ́ bá mọ́, ó yẹ kí a ti sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ tó ti pẹ́, bó bá sì jẹ̀bi, ó yẹ kí àwa náà ti mọ̀. Kò sí ẹni tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àyàfi bóyá àwọn agbẹjọ́rò tó gba owó iṣẹ́ wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí wọ́n dá ẹjọ́ yẹn ní Ìkòyí, iná mànàmáná pa ènìyàn márùn-ún nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n tó wà ní Ìkòyí kan náà. Ènìyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọgbà yẹn fún, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gba iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ, àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ni adájọ́ kò sì tíì dá lẹ́bi ohunkóhun.

Mo mọ bí ènìyàn ṣe ń dé irú ibẹ̀. Àwọn agbófinró kan kó ọmọ aládùúgbò wa kan, tó ń bá àwọn ènìyàn gbé ẹrù lọ́jà, mọ́ àwọn tó ń jà lójú títì, ó sì dé iwájú adájọ́. Wọ́n fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n wọ́n ní kó mú oníduró méjì wá, kí ọ̀kan nínú wọn ní ilẹ̀ ní ìlú Èkó, kí àwọn méjèèjì sì mú ìwé owó orí ọdún mẹ́ta dání. Ẹ̀wà àgányìn ni ìyá rẹ̀ ń tà, yàrá kan ni gbogbo wọn sì ń gbé. Níbo ni irú obìnrin bẹ́ẹ̀ yóò ti rí onílẹ̀ tí yóò dúró fún ọmọ rẹ̀, bí kò bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ìdúró ṣòwò, tí òun kò sì ní owó wọn? Ọmọ náà pẹ́ nínú àtìmọ́lé ju iye oṣù tí wọn ì bá fún un lọ, ká tilẹ̀ ní ó jẹ̀bi. Kò sá lọ síbì kan, kò sì sí ẹni tó bá a sún ẹjọ́ síwájú nítorí pé ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ fi wé ti Abdulrasheed Maina, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ àtúnṣe owó ìfẹ̀yìntì. Sẹ́nétọ̀ Ali Ndume ló dúró fún un, Maina gba béèlì, ó sì sá lọ sí orílẹ̀-èdè Niger lọ́dún 2020. Adájọ́ ní kí wọ́n gbé sẹ́nétọ̀ náà lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje, kò sì ju ọjọ́ díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi rí Maina mú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọdún 8. Mo gbóríyìn fún adájọ́ yẹn, nítorí ó fi hàn pé bí òfin kò bá mojú oníduró, olówó pàápàá kò ní rí ibi pamọ́ sí. Ìdí tí a kì í fi í rí irú rẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń dùn mí.

Àforíjì tún wà níbẹ̀. Diepreye Alamieyeseigha, tó ṣe gómìnà Bayelsa, sá fún béèlì ní London lọ́dún 2005, ó gbà níbí lọ́dún 2007 pé òun jẹ̀bi, wọ́n sì dárí jì í lọ́dún 2013. Joshua Dariye, gómìnà Plateau tẹ́lẹ̀, àti Jolly Nyame, gómìnà Taraba tẹ́lẹ̀, náà gba àforíjì lọ́dún 2022, kí ọjọ́ ẹ̀wọ̀n wọn tó pé. Òfin fún ààrẹ lágbára láti dárí jini, n kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò tíì gba ìdájọ́ ní Kirikiri kò lè gba àforíjì, torí pé kò tíì sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n dá wọn lẹ́bi lé lórí.

Ilé mi kò jìnnà sí Ìgbóṣeré. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún 2020 ni àwọn ènìyàn dáná sun ilé ẹjọ́ gíga tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáìlì àwọn ẹjọ́ inú rẹ̀. N kò lè gbè lẹ́yìn wọn láéláé, nítorí ìwé ilẹ̀ opó àti ẹjọ́ ẹni tó ń dúró de ìdájọ́ náà jóná níbẹ̀. Síbẹ̀, mo gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ ládùúgbò wa lọ́jọ́ kejì, àwọn ènìyàn tí kò mú ìṣáná dání rárá, pé àwọn kò mọ ohun tí ilé ẹjọ́ náà ti ṣe fún àwọn rí. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù ju iná náà lọ.

Òfin tí a fẹ́ ti wà nílẹ̀. Òfin ìṣàkóso ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ọdún 2015 sọ pé ojoojúmọ́ ni kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, bí ìyẹn kò bá sì ṣeé ṣe, kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń rojọ́ má gba ìsúnsíwájú ju ìgbà 5 lọ, kí àlàfo àárín wọn má sì ju ọjọ́ iṣẹ́ 14. Èkó wa ti ṣe irú òfin yìí láti ọdún 2007. Ohun tí kò sí ni ẹni tó ń kà á sétí àwọn tó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ̀wé sí yín, Olóòtú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún ẹjọ́ àjẹbánu tó wà ní àwọn ilé ẹjọ́ Ìkòyí àti Ìkẹjà: ọjọ́ tí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, iye ìgbà tí wọ́n ti sún un síwájú, ẹni tó bẹ̀bẹ̀ fún un, àti ìdí tó sọ. Bí ẹ kò bá ní akọ̀ròyìn tó pọ̀ tó, àwa tí a ti fẹ̀yìn tì pọ̀ ládùúgbò yìí, a lè jókòó sí ilé ẹjọ́ láti àárọ̀ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín láti Láfíàjí,
Erékùṣù Èkó.