Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, lórí ẹni tó fi nọ́mbà rẹ̀ tọrọ owó

Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Òṣogbo.
14 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá Táíwò ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Kánádà ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín jà? Níbí, òjò ò fẹ́ lọ rárá. Aṣọ tí mo sá láàárọ̀ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ká a kó tó gbẹ.

Mo mọ̀ pé á yà ọ́ lẹ́nu pé ímeèlì ni mo fi kọ̀wé sí ọ, èmi tí mi ò kì í kọ ju “o kú iṣẹ́” lọ lórí WhatsApp. Mi ò fọkàn tán nọ́mbà rẹ mọ́ ni. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ kan wọlé látorí rẹ̀, àwòrán rẹ tó o ti wé gèlè aláwọ̀ ewé sì wà níbẹ̀ rekete. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́. Wọ́n kí Folasade kú alẹ́, wọ́n ní áàpù báńkì ò ṣiṣẹ́, kí n jọ̀ọ́ fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan, wọ́n á dá a padà tílẹ̀ bá mọ́.

Folasade! Láti fọ́ọ̀mù kìíní tá a ti jọ wà, ta ló gbọ́ kó o pè mí ní Folasade rí? Àjọkẹ́ ni mò ń jẹ́ lẹ́nu rẹ. Bí inú bá ń bí ọ, ó di Àjọkẹ́ olórí kunkun. Mo wá bi ẹni náà pé, kí la máa ń rà lọ́wọ́ ìyá tó ń jókòó sẹ́nu géètì ilé ìwé wa? Ó ní kò sáyè eré báyìí, kí n tètè fowó ránṣẹ́. Mo ní ó dáa, olè ti délé Àbẹ̀kẹ́.

Àbúrò rẹ ló wá ròyìn fún mi lọ́jọ́ kejì: pé ẹnì kan pè ọ́, ó ní akọ̀wé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa lòun, òun fẹ́ fi orúkọ rẹ kún àwọn tó máa ṣèpàdé lórí fóònù, kó o ka nọ́mbà mẹ́fà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ fóun. O sì kà á fún un. Nọ́mbà mẹ́fà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ilé, Àbẹ̀kẹ́. Ó fi wọ WhatsApp rẹ lórí fóònù tirẹ̀, ó sì ti ìwọ síta.

Bó ò bá tíì gbà á padà, fi nọ́mbà rẹ wọ WhatsApp lẹ́ẹ̀kan sí i. Nọ́mbà mẹ́fà mìíràn á wọlé, bó o bá ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀, á ti olè náà síta. Bó bá ti fi PIN tirẹ̀ há ẹnu ọ̀nà, wọ́n lè ní kó o dúró fún ọjọ́ méje kó o tó lè wọlé, ṣùgbọ́n òun náà á ti wà níta ní gbogbo ìgbà yẹn. Tó o bá wọlé tán, lọ sí Settings, lọ sí Account, kó o tan two-step verification, ìyẹn àgádágodo kejì, kó o wá fi PIN tìrẹ sí i. Jọ̀ọ́, kó má jẹ́ ọjọ́ ìbí Táíwò. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Mi ò bú ọ o. Mi ò tiẹ̀ lẹ́nu ẹ̀, torí wọ́n ti lu èmi náà ní jìbìtì, mi ò kàn tíì sọ fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn Adéọlá ọmọ mi ni.

O mọ̀ pé bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé lóṣù Kẹjọ, àwọn àlejò á ya àwòrán aṣọ wa lọ jaburata. Ọdọọdún ni mo máa ń rò ó pé lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn á kọ̀wé padà. Nígbà tí ímeèlì kan wá dé lọ́sẹ̀ kejì tí ọdún parí, mi ò fura, nítorí ohun tí mò ń retí ló dé. Ọkùnrin náà ní Atlanta lòun ń gbé, òun rí àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi, òun fẹ́ ogójì ìró. Ogójì, Àbẹ̀kẹ́! Kò sì ná an. Ó yẹ kíyẹn nìkan ti ta mí lólobó, àbí ta ló ń ra aṣọ ogójì tí kò ní kí n yọ nǹkan níbẹ̀? Ó ní ojú òkun lòun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò lè gba ìpè.

Ó ní òun ti sanwó, òun sì fi ₦95,000 lé e fún ẹni tó máa wá kẹ́rù, torí ẹni yẹn kì í gba káàdì, kí n bá òun fi ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tí ímeèlì mìíràn fi dé, orúkọ báńkì mi wà lókè gàdàgbà. Wọ́n ní owó ti wọlé, àwọn dì í mú títí mo máa fi rìsíìtì owó ẹlẹ́rù hàn wọ́n, wákàtí méjì péré ni mo ní, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó á padà síbi tó ti wá. Ọwọ́ mi wà nínú ìkòkò aró nígbà náà. Mo nù ún mọ́ ìró mi, mo sì fi àtàǹpàkò tó ṣì dúdú fún ẹ̀lú tẹ owó náà ránṣẹ́. Àmì àtàǹpàkò yẹn wà lójú fóònù mi títí dalẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin kan ní báńkì gbọ́ ẹjọ́ mi tán, ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Màmá, ṣé ẹ wo báláǹsì yín?” Mi ò wò ó. Ìwé tí wọ́n kọ nípa owó ni mo kà, mi ò wo inú àpò. Wọ́n bá mi pe báńkì tí owó náà lọ, wọ́n ní wọ́n ti gbé e jáde lọ́jọ́ náà gan-an, pé ká ní mo pè lójú ẹsẹ̀ ni, bóyá wọn ì bá bá a níbẹ̀.

Ṣé o rántí oṣù Kejìlá ọdún 2016, nígbà tí MMM, ètò tí wọ́n ní ó ń bí èlé lórí owó, ti ilẹ̀kùn mọ́ owó àwọn èèyàn? Ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù ni wọ́n ti ṣèlérí fún wọn. Mo fi aládùúgbò wa kan rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mo ní ojúkòkòrò ló pa á. Tèmi kì í ṣe ojúkòkòrò, oníbàárà ni mò ń retí. Àfi bó bá jẹ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Adéọlá ló ní kí n fọwọ́ kan orúkọ báńkì tó wà lókè ímeèlì náà. Mo tẹ̀ ẹ́, àdírẹ́sì Gmail kan ló yọ jáde lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí pẹ̀lú nọ́mbà wúruwùru. O mọ àwọn aṣọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tí wọ́n ń pè ní àdìrẹ lọ́jà, tí ojú wọn ń dán, àmọ́ tó o bá yí wọn sódì, ẹ̀yìn wọn á ti ṣì. Láti ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn ni mo ti ń yí aṣọ aláṣọ sódì, kò sì wá sí mi lọ́kàn kí n yí lẹ́tà sódì. Adéọlá ní ẹnikẹ́ni ló lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbi orúkọ ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́. Ó ní bákan náà ni líǹkì rí: orúkọ báńkì lè wà níwájú, ṣùgbọ́n èyí tó wà kété ṣáájú .com, .ng tàbí .com.ng tó parí orúkọ ibẹ̀, kó tó kan àmì / tó tẹ̀ lé e, ló ni ilé. Ó yé mi. Èmi náà lè gbé pátákó “Ààfin Àtáọ́ja” síwájú ilé ewúrẹ́ mi. Àmì àgádágodo kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì ńkọ́? Ó ní kò sọ pé olóòótọ́ ló ń gbébẹ̀, pé ẹlòmíràn ò lè gbọ́ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì ń sọ ló túmọ̀ sí. Ìyẹn ni pé ìwọ àti olè lẹ jọ ń sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní àwa náà la ni gbájú-ẹ̀. Nọ́mbà 419 tí wọ́n fi ń bú wa kiri ayé, abala òfin tí ìjọba wa fi ń mú oníjìbìtì ni o! Òfin tá a fi ń lé olè ni wọ́n fi sọ wá lórúkọ.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ yòówù tó bá ti ní “kíá kíá” nínú, mo máa ń gbé fóònù kalẹ̀ kí n lọ ro aró ná. Bí wọ́n bá ní báńkì ló ń pè, mo máa ń pa á, kí n fi ọwọ́ ara mi pe nọ́mbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM mi. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ̀rọ ti lè sín ohùn èèyàn jẹ báyìí, nítorí náà, má bínú tó o bá pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Kí n tó kí ọ, mo máa bi ọ́ ní ohun tí ìyá ẹnu géètì ń tà. Má kọ ọ́ sínú èsì lẹ́tà yìí o, ẹnu ni kó o fi sọ ọ́.

Mo ti rẹ mẹ́rìnlá nínú ogójì ìró yẹn kí n tó mọ̀. Mo ti tà lára wọn ní Ọjà Ọba. Méjì tó ní àrà Ìbàdàndùn, mo ká wọn sọ́tọ̀ fún ọ, àbúrò rẹ á bá mi wá ẹni tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún. Mi ò ní gba owó ẹlẹ́rù lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Àjọkẹ́ rẹ olórí kunkun.