Wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè wọlé, òfin ta ni wọ́n ń lò?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa ìdíje káráté tí wọ́n ti ń lura wọn gidi, tí wọ́n sì ní kí oníjà máa bọ̀, irú ìjà yòówù kó kọ́. Ibi kan ṣoṣo ni mo ti bá òǹkọ̀wé yín jiyàn: ó ní ẹni tó bá gbégbá orókè níbẹ̀ ti fi hàn pé ìjà tirẹ̀ ló lágbára jù. Irọ́ ni.

Mas Oyama, tó dá ẹ̀yà káráté tí wọ́n ń pè ní Kyokushin sílẹ̀, ṣe irú ìdíje yìí fún gbogbo Japan ní 1969, ó sì ṣe ti àgbáyé ní Tokyo ní 1975. Kò sí ìbọ̀wọ́, wọn ò sì fi ìwọ̀n ara pín oníjà. Ó dáa. Àmọ́ ẹ wo òfin wọn: o lè fi ẹsẹ̀ tàbí orúnkún gbá ènìyàn lórí títí yóò fi dákú, o ò gbọdọ̀ fi ẹ̀ṣẹ́ bà á lójú. O ò sì gbọdọ̀ dì í mú. Kí ni akànṣẹ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kí ni onígídígbò fẹ́ ṣe? Bí ìjà bá dọ́gba títí, tí ìwọ̀n ara wọn ò sì jìnnà síra, wọ́n á ka iye pákó tí kálukú fọ́. Pákó o! Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní ẹ̀ṣẹ́ ní Mushin ò bá pákó jà rí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí òfin yí padà. Kazuyoshi Ishii, tóun náà ti ilé Kyokushin jáde, bẹ̀rẹ̀ K-1, ìdíje ìjà ẹ̀ṣẹ́ òun ẹsẹ̀ (kickboxing), ní 1993. Ìbọ̀wọ́ wọlé, ẹ̀ṣẹ́ ojú wọlé. Branko Cikatić, oníkickboxing ará Croatia, ló gbégbá orókè, Masaaki Satake tí Ishii kọ́ ní káráté sì wà lára àwọn tó nà. Andy Hug ará Switzerland, ẹni tó ṣe ipò kejì ní ìdíje àgbáyé Kyokushin ní 1987, Patrick Smith lù ú bolẹ̀ ní K-1 ti 1994 kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Ó di 1996 kó tó gba ife ẹ̀yẹ náà.

Mi ò ní kí wọ́n má ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, kó tẹ òfin sára ìwé ìpolówó, kí àwa olùkọ́ lè múra ọmọ sílẹ̀. Kó má jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ìjà ni rẹfirí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kà á fún wọn. Kó sì wá dókítà jókòó síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, Mushin, Èkó